Ìwé Ẹnu Géètì Àbàtà

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni àgbà ń san, ọmọdé ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.
Bí o bá wọ bàtà gogoro, bọ́ ọ sọ́dọ̀ mi,
torí pákó tí a tẹ́ sórí irà yìí
kò fẹ́ kò-kò-kà.

Ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, ibi tí oko kajú parí sí,
tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.
Wọ́n ti fẹ́ dí i rí. Típà méje da yangí sílẹ̀,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì sára igi.
Ọdún yẹn gan-an ni omi wá ilé lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú.
Omi tí a lé kúrò lábàtà, níbo ni kó sùn?
Ó wọ yàrá Ìyá Moróunmúbọ̀,
ó gbé àpò láfún mẹ́fà, ó gbé ẹní.
Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ pulọ́ọ̀tì.

Bàbá Gbọ́láṣeré ló ń mú àlejò kiri.
Ọdẹ ni. Pẹ́pẹ́yẹ odò tó ti pa kọjá ohun tí ìwé mi lè gbà.
Awò ló fi kọ́rùn báyìí,
níbi tí okùn ìbọn ti fi àpá sí,
ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ajigbèsè:
"Ẹ wo èyí tójú ẹ̀ funfun, tó ń fọn fèrè.
Alẹ́ ló ń jẹun.
Mo mọ̀. Alẹ́ ni mo máa ń dè é."

Lánàá, àwọn ọmọ iléèwé dé láti Ìkòyí-Ilé,
bọ́ọ̀sì méjì, aṣọ kákí, ẹnu wọn ń hó.
A ní kí wọ́n dákẹ́ wọnú ahéré ìwòran.
Lékèélékèé gbéra lórí eèsún
bí ìyẹ̀fun tí a gbọ̀n lára asẹ́,
ni ogójì ọmọ bá na ìka jáde lójú fèrèsé,
wọn ò fọhùn, wọ́n ń mì ín,
wọ́n ń tọrọ ẹfun sí èékánná.
Ta ló kọ́ wọn?
Èmi náà ṣe é rí. Ìyá mi ṣe é.

Mo wo Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.
Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́:
ìka kan ṣoṣo, ìfábẹ̀lá tó ti yin ìbọn lógún ọdún,
ó nà án bí ẹni tó ń na owó àtijọ́,
tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á.

Mo ṣíwèé, mo kọ ọ́:
lékèélékèé, igba ó lé mọ́kànlá;
pẹ́pẹ́yẹ odò, mẹ́tàdínlógójì;
òfú, ẹyọ kan, ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́.
Èékánná Bàbá,
n kò tíì rí i wò.