Lẹ́yìn Gíláàsì

Ní Gillingham, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tán
tí fóònù ti ń ké bí ọmọ tébi ń pa.
Èmi ni mo wà lẹ́yìn gíláàsì.
N kì í béèrè pé, "Kí ló ń ṣe yín?"
Ọjọ́ ìbí ni mo ń béèrè, ní ohùn jẹ́jẹ́,
mo sì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara mi
bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo àtùpà lójú afẹ́fẹ́.

A tan rédíò sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà,
kì í ṣe tìtorí orin.
Ariwo la fi ń bo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.
Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Pettifer, tí etí rẹ̀ ti ń di,
kò mọ̀ pé ohùn òun ń dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí:
"Ìtọ̀ ni! Kò tún fẹ́ jáde!"
Mo ti bébà àti bírò sí i lábẹ́ gíláàsì.
Ó kọ ìyókù síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
Mo kà á tán,
ẹ̀rọ tó ń jẹ bébà jẹ ẹ́ kí bàbá tó rí àga jókòó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ Àbẹ̀jẹ́ fà mí sẹ́yìn tábìlì tíì,
bísíkíìtì lọ́wọ́ ọ̀tún.
"Mo rí ìyàwó ọmọ mi lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́rú.
Ṣé oyún ni? Àbí àìróyún ló gbé e wá?
Ìwọ kúkú kì í ṣe ará ìta."
Mo ní, "Mà, òjò yìí ò mà fẹ́ dá."
Ó wò mí. Mo bu tíì mu, ó jó mi létè.
Ìyá mi, ní Ìlá, a máa wí pé
kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn.
Kò sọ fún mi bí aṣọ ẹlòmíì ti ń wúwo tó
lọ́wọ́ ẹni tó ń ká a pamọ́ ní tútù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń wo orúkọ àwọn tó ń bọ̀.
Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá:
Fọlárìn.
Ọmọ tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.
Ó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kò sí nǹkan kan.

Ìka mi wà lókè bọ́tìnì.
Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà a máa kọ orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì,
a kọ wákàtí pẹ̀lú.
Kì í ṣe ìyẹn ló dá mi dúró.
Mo rántí iye ìyá tí mo ti wí fún láti ẹ̀yìn gíláàsì yìí pé,
"Ọmọ yín ti dàgbà, mà. Òun ni kẹ́ ẹ bi,"
àti bí wọ́n ṣe wò mí,
bí ẹni pé n ò bímọ rí.

Mo pe Harpreet: "Jọ̀ọ́, bá mi jókòó síbí bó bá di aago mẹ́rin."
Kò bi mí léèrè. Òun náà mọ iṣẹ́ yìí.
Mo lọ dúró níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí,
mo ń ka ike ọṣẹ: méje, mẹ́jọ,
mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ara ògiri,
ohùn ọkùnrin kan tí n kò tíì bá pàdé,
ó ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún wọn,
ọjọ́ tí mo mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ:
òru ni, òjò dídì ń rọ̀ lójú fèrèsé,
nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ mi mú.

Lálẹ́, a jọ jókòó ti ìrẹsì.
Ó ń gé ẹran, kò jẹ ẹ́.
Mo bi í bóyá òjò pa á.
"Rárá, mọ́mì."
Ó pẹ́. Fíríìjì ń kùn.
"Mọ́mì, ẹ ò sí níbi iṣẹ́ lónìí?"
"Mo wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ẹ̀yìn ni mo wà."
Ó wò mí títí.
Ó na ọwọ́, ó gba àwo mi,
ó lọ fọ̀ ọ́.