Ìṣó Ilé Ìtẹ̀wé

Ìṣó yìí, ìṣó ìnṣì mẹ́ta,
kì í ṣe káfíńtà ló kọ́kọ́ lò ó.
Èmi ni.
Mo fi í dípò fúùsì
nílé ìtẹ̀wé Morádéyọ̀, ní Ìsọ̀kun, n'Iléṣà,
lọ́dún tí ọyẹ́ mú títí ètè wa fi là.

Ẹ̀rọ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà
kì í mu ju àádọ́fà fóòtì lọ.
Iná tiwa, nígbà tí NẸ́PÀ bá rántí wa, òjìlérúgba ni.
Ni tiransifọ́mà kékeré kan bá jókòó sáàárín wọn
bí ìyá àgbà tó ń rún ẹran lẹ́nu
kó tó fi bọ́ ọmọ.
Kò tóbi ju agolo bisikíìtì lọ.
Kò ní òróró nínú bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí òpó l'Òkèèsà;
afẹ́fẹ́ lásán ló fi ń wẹ̀.
Fájẹ́misìn ọ̀gá mi ní, "Gbígbẹ ni.
Ohun tó bá sì gbẹ kì í pẹ́ gbiná."

Láràárọ̀, bí Morádéyọ̀ bá ti tẹ bọ́tìnnì,
tá! fúùsì já.
Ilẹ̀ ọ̀la mọ́, tá!
Mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan.
Àwọn olókùú jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
wọ́n ń retí ìwé tí àwòrán bàbá wọn wà níwájú rẹ̀.
Ọ̀gá ti lọ ṣiṣẹ́ n'Ìbòkun.
Mo wo ìṣó, ìṣó wò mí.
Mo kì í bọ àlàfo.
Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀! Morádéyọ̀ fún mi ní igba náírà,
mo rìn lọ sílé bí ọ̀gá.

Lóru ọjọ́ kejì
eku jẹ ara waya kan lábẹ́ ẹ̀rọ,
bàbà fẹnu ko bàbà.
Iná tó yẹ kó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
bá ìṣó lẹ́nu ọ̀nà,
ìṣó kì í sì í béèrè pé ta nìyẹn.
Ó wọlé. Ó ń wọlé. Ó ń wọlé.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run:
ẹni tí nǹkan kan ò lè há lọ́fun
ni àjẹkì ń pa.

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá láàárọ̀,
bí ẹja tí a gbàgbé sórí ààrò.
Igba ìwé ìsìnkú bàbá kan n'Ìlórò,
etí gbogbo wọn ti pọ́n.

Ọ̀gá dé. Kò nà mí.
Ó ní kí n jókòó, kí n tú waya inú rẹ̀,
kí n máa kà á, ìká kan lẹ́yìn ìká kan.
Mo kà á dé ọ̀tàlélẹ́gbẹ̀ta,
ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò,
kó tó la ẹnu:

"Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tiransifọ́mà,
á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan gbùà,
bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó nílò,
bí ọmọ tó ti oko dé, tó bá omi nínú àmù.
Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti tán.
Ìyẹn kì í ṣe olè.
Fúùsì onínúfùfù ló ń pè é lólè.
Ra èyí tó ní sùúrù,
tó lè gbọ́ igbe ìkíni láìsá jáde;
ṣùgbọ́n bí igbe ò bá dákẹ́, kó já pì.
Wo iye tó ń mu, fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un.
Má fi ìlọ́po mẹ́rin kún un o.
Òṣómàáló ni bàbá mi.
Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀ dalẹ́,
kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé ìdí tó fi wá."

Mo bi í pé èló ni mo jẹ.
"Oṣù mẹ́fà," ló wí.
Mo sìn ín.

Ìṣó náà ló gbé kàlẹ́ńdà dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí.
Morádéyọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́.
Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kàn án lánàá,
ó wo ibi tí iná ti sun ún lórí, ó ní,
"Ọ̀gá, ìṣó yìí mà lágbára o. Kò já."

Mo ní, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.