Àbọ̀ Ìpérindó

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án ló wà ní Bọ́lọ́rundúró tiwa,
láti orí títì títí dé ibi tí ilẹ̀ ti dà sódò.
Mo fẹ́ kà wọ́n tán lọ́jọ́ tí Yèyé ti ọsibítù Wẹ́sílì dé,
ìwé pélébé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n kà á fún òun.
Dókítà kọ ọ́ gàdàgbà: ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́.
Ẹ̀wà. Ẹja. Kí ẹ jìnnà sí ṣúgà.
Àtọ̀gbẹ ni wọ́n pe orúkọ àlejò náà.

Mo jáde, mo ń kà.
Ṣọ́ọ̀bù kìíní: indómì, bisikíìtì, mílíìkì inú ọ̀rá.
Èkejì: indómì.
Ẹ̀kẹta ń ta káàdì fóònù àti ẹlẹ́rìndòdò.
Ẹ̀kẹrin, burẹ́dì tó dùn ju àkàrà òyìnbó lọ.
Ẹ̀karùn-ún ti kógbá sílé.
Mi ò ka ìyókù mọ́.
Ewé kan ṣoṣo tó tutù ní gbogbo òpópónà
ni dóńgóyárò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì,
ta ni yóò fi ìyẹn se ọbẹ̀?

Ẹ̀fọ́ ò wọ́n o. Ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ní ọjà Àtakúnmọ́sà wọ́n ń kó tẹ̀tẹ̀ jọ bí òkè,
wọ́n ń wọ́n omi sí i lórí, ó ń dán.
Igba náírà ni ìdì kan.
Ẹgbẹ̀rin ni ọ̀kadà, àlọ àti àbọ̀.
Ẹsẹ̀ Yèyé sì ti wú,
ó ní bí òun bá gun òkè yẹn, òun ò ní lè sọ̀ ọ́.
Ta ni yóò fi ẹgbẹ̀rin lọ ra igba?
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá: a mọ ìṣirò owó
kí a tó mọ ti ilé-ìwé.

Fátúnmbí ń gbé tíṣà kan lọ sí Ìpérindó láràárọ̀,
ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ a sì ṣófo bó bá ń bọ̀;
afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé, afẹ́fẹ́ kì í sanwó.
Yèyé pè é láti ojú fèrèsé:
"Ìwọ ọmọ yìí, àbọ̀ rẹ ńkọ́?
Ṣé ọ̀nà tí o ń gbà yẹn kì í hu nǹkan kan ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ń hu kòkó, ó ń hu igbó.
Lọ́jọ́ kejì ó dé pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì
tó fi okùn rọ́bà dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù:
tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ìkàn mẹ́fà,
ìrì ṣì wà lára wọn,
ìgbín kékeré kan sì tẹ̀ lé wọn wọ̀lú, kò sanwó ọkọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìpàdé,
kò sí ọlọ́lá kankan tó wá gé ríbọ́ọ̀nù.
Fèrè mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà,
a ó yọ jáde tabọ́tabọ́:
Bàbá Káńsílọ̀ tó ti fẹ̀yìntì,
ìyá ìbejì inú yàrá ẹ̀yìn,
àwọn ọmọ Pólì tí indómì ti sú.
Ẹni tí kò bá ní owó, a ó fi èédú kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri wa.
Ọmọ Òṣómàáló ni Fátúnmbí, síbẹ̀
kì í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.
Ó ní gbèsè ewé kì í pa ènìyàn.

Mi ò sọ pé ara Yèyé ti yá.
Nọ́ńbà inú ìwé ọsibítù ń lọ, ó ń bọ̀.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpò náà rù,
bẹntiróòlù gbówó lé orí,
Fátúnmbí fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ìdì mẹ́rin péré, a pín in bí ẹran iléyá.
Tíṣà yóò fẹ̀yìntì lóṣù Kẹjọ.
Ta ni yóò máa san owó àlọ? A ò tíì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí Yèyé ń da omi ìṣanfọ́ sí,
lábẹ́ orúkọ àwọn ajigbèsè,
tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta ti yọrí.
Ewúrẹ́ ilé kejì ti rí wọn.
Yèyé gbé àpótí síta lánàá,
ó na ẹsẹ̀ tó wú,
ó fi ọ̀pá lé itan,
ó jókòó tì wọ́n.