Owó Ibodè

Ẹ má pe èyí ní ẹ̀rí. Mi ò dúró nídìí gbohùngbohùn ìjọ rí.
Òru ni mo mọ̀. Òru orí ọ̀sà Àgbádárìgì,
nígbà tí òṣùpá bá kọ̀ tí kò yọ,
tí a ó fi aṣọ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń dí ẹnu ọmọ tó ń ké,
àpò ìrẹsì márùndínlógójì,
a ó rọra gba ẹ̀yìn Gbẹ̀rẹ̀fú wọlé.
Fàyàwọ́ ni wọ́n ń pè wá.
Bẹ́ẹ̀ náà ni: àyà ni mo fi ń wọ́ nílẹ̀,
pẹ̀lú ọkàn tó wà nínú àyà ọ̀hún.

Sètọ́njí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
òun ló ń bá mi gbọ́n omi inú ọkọ̀.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà lóru kan, àti búrẹ́dì.
Òru tí iná àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù là wá lójú,
mo yí ọkọ̀ padà lójijì. Ẹrù tẹ̀ sápá kan.
Mo gbọ́ jàbú, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mi ò tan tọ́ọ̀ṣì.
Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyẹn:
tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tàn án.
Ọjọ́ kẹta ni omi tó gbé e wá fún ìyá rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi yẹra fún àdúgbò wọn l'Ájárá.
Mo ń fowó sínú àpò ìwé, mi ò kọ orúkọ sí i,
mo ń rán ọmọdé lọ.
Mo gbààwẹ̀. Mo fọwọ́ títí awọ fi bó.
Ohun tó wà nínú kò gbọ́ ọṣẹ.

Àfi bí ìyá ṣe wá bá mi létí omi nírọ̀lẹ́ Sátidé kan,
àpò ìwé mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, kò tú ìkankan.
"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ìwọ ni.
Ọmọ mi kì í ṣe ọjà. Gba owó rẹ."
Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Mo sọ ti tọ́ọ̀ṣì fún un.
Kò fọhùn. Lékeléke kan fò kúrò lórí òpó,
ó yí po, ó padà wá bà.
Ó ní, "Mo ti ṣépè fún ọ títí ohùn mi fi há.
Mo bá Ọlọ́run jà lórí ọ̀rọ̀ rẹ.
Òun ló ṣẹ́gun. Kì í ṣe pé mo fẹ́."
Lẹ́yìn náà: "Òdìkejì ni ṣọ́ọ̀ṣì mi wà. Èló lo máa gbé mi lọ́la?"
Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni, ìyá."
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìgbà wo lo mọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

Òótọ́ ni. Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀fẹ́ ò sí.
Ọlọ́pàá ní iye tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, òkú pàápàá ní tirẹ̀.
Oore-ọ̀fẹ́: ọ̀dà pupa ni mo fi kọ ọ́ sára ọkọ̀ mi
kí àwọn oníbodè lè rò pé onígbàgbọ́ ni mí.
Mi ò mọ̀ pé Ẹnìkan ti dúró ní bodè kan tí mi ò lè fòru gbà kọjá,
tó tú àpò ara rẹ̀,
tó san owó ẹrù tí èmi kó wọlé lókùnkùn,
tí kò sì pariwo orúkọ mi.

Ẹ má rò pé mo ti di áńgẹ́lì.
Bí mo bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi ṣì ń sáré láti pa iná.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn a tàn sójú ọ̀sà gbalaja,
ìyá a jókòó síbi tí Sètọ́njí ń jókòó, Bíbélì nínú ọ̀rá.
Bí omi bá wọlé díẹ̀, á mú abọ́ ọmọ rẹ̀, á máa gbọ́n ọn jáde.
Mo ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀."
Ó ní, "Wa ọkọ̀ rẹ."
Mo ń wà á.