Ẹ̀dà Mẹ́ta

Ẹ̀yìn Sẹkitéríàtì ni mo ti ń ṣe é,
lábẹ́ igi dóńgóyárò tí ọyẹ́ ti fi eruku kùn:
ẹ̀rọ aṣẹ̀dà kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan,
agboòrùn tí olóṣèlú kan fi tọrẹ lọ́dún ìdìbò.
Àádọ́ta náírà ni ojú ewé kan.

Mo mọ ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ yìí
ju bí ìyá wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ.
Mo mọ ẹni tó yege, mo mọ ẹni tó fi agbára káká yege,
mo mọ ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ,
tó lọ búra nílé-ẹjọ́ pé òun náà ni òun.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ géètì:
Ètò Ìrànwọ́ fún Ọ̀dọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà,
láìsí èlé, láìsí onídùúró.
Kó tó di Ìṣẹ́gun, onídùúró ti wọ̀ ọ́,
ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba ni kó sì jẹ́.
Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní ọjọ́ orí ò gbọdọ̀ ju márùndínlógójì lọ.
Ẹ̀dà mẹ́ta. Fọ́tò mẹ́rin, kí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.

Rifkatu gba mọ́tò òru wá láti Kafanchan,
ó fi ìborùn wé fáìlì rẹ̀ bí ọmọ tuntun.
Adìyẹ ló fẹ́ fi owó náà sìn.
Ó ti sọ èyí àkọ́kọ́ lórúkọ.

Gbọ́lágadé, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé, ń gbé Mararaba,
aago mẹ́rin ló ń jí kí ọ̀nà Nyanya tó dí.
Ó na fóònù sí mi: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Valencia,
ó ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ náà ń tò,
ọmọ ọgbọ̀n ọdún ṣì ń sùn ní yàrá tó ti kọ́ ábídí
torí owó ilé ti ju owó-oṣù lọ.
Gbọ́lágadé rẹ́rìn-ín: “Wọ́n ṣáà ní owó-oṣù.”
Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Hajiya Sahura tó ń gba fọ́ọ̀mù kì í ṣèèyàn burúkú.
Ẹsẹ̀ ń dùn ún, fáánù rẹ̀ ti kú látọdún tó kọjá.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti fèrèsé kí ìrun tó yá:
“Ẹ padà wá ní Ajé.”

Àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la.
Wọn ò sọ fún wa pé ọ̀la lè dàná
kí fèrèsé tó ṣí.
Lọ́jọ́ Àìkú, Gbọ́lágadé pé mẹ́rìndínlógójì.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní ìdájí Ajé, ó rẹ ohùn sílẹ̀,
ó bi mí bóyá ẹ̀rọ mi lè pa òǹkà kan rẹ́,
òǹkà kan péré.
Mo ní, “Ohun tó bá rí ló ń sọ.”
Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.
Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Zaria,
tí ìwé-ẹ̀rí tèmi ń bẹ lábẹ́ páálí bébà,
tí mo ti ju ogójì lọ kí ètò kankan tó rántí mi.

Kí n má purọ́, owó jáde.
Mo mọ èèyàn mọ́kànlá tó rí i gbà.
Rifkatu fi fọ́tò òròmọdìyẹ ránṣẹ́,
wọ́n pọ̀ lábẹ́ iná bí ìyẹ̀fun àgbàdo tó dà sílẹ̀.
Mo fi hàn gbogbo oníbàárà mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé sórí gíláàsì mi?
Ojúlówó ni.
Wọ́n á kó ẹ̀dà lọ, wọ́n á fi ojúlówó sílẹ̀.
Ìwé ìbí Gbọ́lágadé wà nínú dúrọ́ọ̀ mi,
mo fi ọ̀rá wé e kí eruku má bà á.
Bí ẹ bá rí i ní Mararaba, ẹ ní kó wá mú un.
Mi ò ní gba kọ́bọ̀.