Ṣọ́bìrì

Èmi ni mo ka àkàwé náà ní ìsìn òwúrọ̀,
ti baba tó rán ọmọ méjì sí ọgbà àjàrà.
Mo kà á dáadáa. Ohùn mi kò gbọ̀n.
Àwọn ìyá lẹ́yìn ń mi orí.
Mo ti awò ojú mi sókè, mo ní,
"Ẹni tó bá létí, kó gbọ́."

Bí a ti dé láti ìsìn,
Ìyá Hálínà na ọwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé,
ìyá Ukréènì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tòun ti ọ̀pá.
Yìnyín ti dí i mọ́lé.
Mo fọwọ́ sọ̀yà: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀,
èmi fúnra mi ń bọ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mo ní, "Fọlárìn, gbé ṣọ́bìrì."
Ó ní, "Mi ò lọ."
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń tu èèpo ẹ̀pà,
kò tilẹ̀ yọ orin létí.
Mo bínú. Mo ka òfin karùn-ún lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin,
ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Winnipeg ni ibí. Òtútù ọjọ́ náà, itọ́ á dì kó tó balẹ̀.
Mo ní kí n kọ́kọ́ mu tíì.
Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, òótọ́ sì ni,
ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń gbé arúgbó lórí ibùsùn
nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́.
Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn.
Oorun gbé mi lọ lórí àga.

Kárà, kárà, irin lórí yìnyín ló jí mi.
Mo ká kọ́tìnì.
Ọmọ tó ní òun ò lọ ló wà níta
nínú bàtà mi, nínú jákẹ́ẹ̀tì mi,
èémí ń rú lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín ààrò.
Ó ti kó ti àtẹ̀gùn tán. Ó ti wọ́n iyọ̀ sí i.
Ó wá ń la ọ̀nà dé ìdí àpótí lẹ́tà,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó wọlé, imú rẹ̀ pupa.
Ó ní, "Dádì, Ìyá Hálínà ní kí n kí yín.
Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ mú ìlérí yín ṣẹ."
Ó mi èjìká. "Mi ò sọ nǹkan kan."

Ìwé Mímọ́ ṣì wà lórí tábìlì,
ó ṣí sílẹ̀ síbi tí mo ti kà á.
Mi ò lè wò ó lójú.

Ní agogo mọ́kànlá alẹ́, yìnyín tún bẹ̀rẹ̀.
Mo rántí àwọn tí ọlọ́gbà náà gbà síṣẹ́
nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀.
Mo wá bàtà náà lẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn.
Ó tutù láti ìta,
ṣùgbọ́n inú rẹ̀, mo búra, ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.