Ìgò Kẹtàdínláàádọ́ta

Ìwé ní mẹ́tàdínláàádọ́ta ni.
Ọwọ́ mi ní ó ku ọ̀kan.
Mo tún un kà, mo ń fìka tọ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan
bí ìyá mi ti í ka ọmọ adìyẹ lálẹ́ ní Àjàṣẹ́.
Ó ku ọ̀kan.

Ọyẹ́ ń súfèé lójú fèrèsé ní Samaru.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ilé,
epo inú rẹ̀ ò ju àbọ̀ kẹ́ẹ̀gì lọ.

Hafsatu ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tọwọ́ bọ̀wé.
Lọ́la ni wọ́n á jókòó lé iṣẹ́ mi lórí.
Ìgò kan ṣoṣo. Ta ni yóò mọ̀?"

Èmi á mọ̀.
Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó ẹyin iná orí,
ó sì lè sọ ọrùn ọmọdé di igi gbígbẹ
kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo ti rí wọn rí, lọ́dún tí ooru gbé yírùnyírùn dé,
wọ́n tẹ́ wọn sórí ẹní lábẹ́ dongoyárò,
àwọn ìyá ń fi ìborùn fẹ́ wọn,
ẹnìkan ò ké.

Malam Sa'idu ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.
Bó bá wọlé láàárọ̀ á kí fìríìsà,
"Sannu da aiki," bí ẹni ń kí àna.
Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ikọ́ kan lọ
tí wọn ò kọ sínú ìwé owó rẹ̀.

A yẹ abẹ́ tábìlì wò. A tú páálí.
A tan fóònù sí gbogbo kọ̀rọ̀.
Aago méjì òru kọjá díẹ̀ kí Hafsatu tó kígbe:
ìgò kan rèé, ó lẹ̀ mọ́ ìdí fìríìsà,
yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

Mo nù ún. Ọwọ́ ìkọ̀wé Malam Sa'idu ni,
ọdún tó wà lára rẹ̀ ju ọjọ́ orí Hafsatu lọ.
Kò sí nínú ìwé kankan.
Kì í ṣe òun là ń wá.

Ṣùgbọ́n iye ti pé.
Bíírò wà lọ́wọ́ mi.
Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ìgò, ó wò mí,
epo ń tán lọ lẹ́yìn ilé.

Ó fa ìbọ̀wọ́ tuntun yọ nínú páálí,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó wọ̀ ọ́.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ kìíní."